Bọ́ọ̀lù Tó Gba Ẹ̀gbẹ́ Òpó Kọjá

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, bọ́ọ̀lù ló máa ń jí wa nílé wa ní Inísà. Àkùkọ Ìyá Àgbà a ti kọ tán, a ó tún yíra padà lórí ẹní, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri ẹ̀yìnkùlé, gbì, gbì, oorun ti tán nìyẹn. Bùrọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló máa ń gbá a. Màámi a ké láti ilé ìdáná pé ògiri náà kò ní pẹ́ wó. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, a sì dá a lóhùn láti inú yàrá pé, "Jẹ́ kó wó. Ẹsẹ̀ tó wó o ni yóò tún un kọ́." Bí gbogbo ilé wa ṣe rí sí Bùrọ̀dá Délé nìyẹn. A ti fi ojú inú rí i nínú ẹgbẹ́ ńlá kan, a ti fi ojú inú gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú rédíò. Èmi tí mò ń pọn omi láti kànga, tí mò ń gbá àgbàlá kí n tó lọ sílé ìwé, mo ti yan aṣọ tí n ó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gbé e lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni mí nígbà náà.

Ẹni tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, ayálégbé wa ni. Ọmọ Òkukù ni, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, Adéoyè sì lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Kóòṣì ni gbogbo wa ń pè é. Yàrá iwájú tó kọjú sí títì ló ń gbé. Bàbá mi, tó ń ta páànù àti ìṣó, tó tún jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò wa, nítorí náà ilé wa ni gbogbo nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Èmi àti Màámi la ń fọ jẹ́sì wọn. Lẹ́yìn ìdíje kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọkùnrin náà a tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, eruku pupa á bo ẹsẹ̀ wọn dé orúnkún, Màámi á pín ẹ̀kọ àti àkàrà fún wọn. Bí wọ́n bá jẹun tán, Kóòṣì á ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi." Ó lè ní, "Mo rí i pé ó ti rẹ Kàsálí, mi ò tètè yọ ọ́. Mò ń tijú ìyá rẹ̀ tó wá wòran. Ẹ̀bi mi ni góòlù kejì yẹn." Odidi tíṣà! Lẹ́yìn tirẹ̀ ni oníkálukú á sọ ti ara rẹ̀. O kò gbọdọ̀ sọ ti ẹlòmíràn. Bí ẹnì kan bá ní oòrùn ló wọ òun lójú, Kóòṣì á bojú wo gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní, "Oòrùn náà dà? Ẹ pè é kó wá sọ tirẹ̀." A ó rẹ́rìn-ín. Kì í na ọmọ, kì í ṣépè. Bí o bá ti sọ tìẹ tán, á ní, "Ó parí. Lọ́la a ó jọ ṣiṣẹ́ lé e lórí." Ó sì máa ń parí lóòótọ́. N kò rí irú rẹ̀ rí, nítorí pé nínú ilé tiwa, ẹ̀ṣẹ̀ kì í parí báyẹn.

Tiwa ni pé ẹnì kan á bá ọ bẹ̀bẹ̀. Bí mo bá fọ́ gíláàsì àtùpà, Ìyá Àgbà ni mo máa ń sá tọ̀. Á ní, "Wá sẹ́yìn mi." Màá di etí ìró rẹ̀ mú, a ó jọ lọ bá Màámi, á sì bẹ̀rẹ̀: "Dákun, ìyá Délé, ọmọdé ni. Ó ti mọ̀ ọ́n lẹ́bi. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀." Màámi á ní, "Torí tiyín ni o, màmá." Ọ̀rọ̀ á tán, èmi kò ní tíì la ẹnu. Òwe yẹn ni Ìyá Àgbà fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n nílé wa, ẹlòmíràn ló ń bá ọ mọ ẹjọ́ lẹ́bi, ẹlòmíràn náà ló ń bá ọ kúnlẹ̀. Ìfẹ́ ni, n kò jẹ́ sọ pé kì í ṣe ìfẹ́. Èmi náà ti di ìyá ọmọ, mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bí ọmọ kan bá ṣẹ̀ ní ilé ìwé, ìyá rẹ̀ á ti kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kí n tó bi ọmọ náà léèrè ohunkóhun. Inú mi kì í dùn sí i, síbẹ̀ èmi gan-an a máa fẹ́ bá a kúnlẹ̀, torí mo mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Òkukù ni wọ́n ti lọ gbá bọ́ọ̀lù tó dá wàhálà sílẹ̀. N kò tẹ̀ lé wọn, àmọ́ mo gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ̀ ọ́n ju àwọn tó wà níbẹ̀ lọ. Òpó igi ni wọ́n fi ṣe ojúlé wọn, kò sí àwọ̀n, nítorí náà bí bọ́ọ̀lù bá kọjá, àfi kí ojú mọ̀ bóyá àárín òpó ló gbà tàbí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀mì ni wọ́n ń ta, ó kù díẹ̀ kó parí. Bùrọ̀dá Délé gbá bọ́ọ̀lù kan, ó fò kọjá, ó bọ́ sínú koríko. Lójú ẹsẹ̀ ló na ọwọ́ sókè, ó ń sáré, ó ń yọ̀. Rẹfirí tó wà lókèèrè wo ayọ̀ rẹ̀, ó sì fun fèrè pé góòlù ni. Aṣọ́lé wọn, ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní Rájí, yarí pé ẹ̀gbẹ́ òpó ló gbà. Ó di aṣọ rẹfirí mú, ó ń sunkún, ó ń pè é ní òpùrọ́. Wọ́n lé e kúrò lórí pápá. Olùkọ́ wọn tún nà án ní kòbókò lójú gbogbo èrò pé ó rí àgbà fín. Tiwa ń kọrin bọ̀ wálé. Bàbá mi pa adìyẹ, Màámi se ìrẹsì, ní àkókò tí ìrẹsì ti di oúnjẹ ọdún. Níbi tí a ti ń jẹun nínú pálọ̀, Bùrọ̀dá Délé fi ìka méjì wọn nǹkan han Màámi. "Ó gba ẹ̀gbẹ́ òpó díẹ̀ báyìí," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. Màámi ní, "Ṣé ìwọ ni rẹfirí?" Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, eegun adìyẹ wà lẹ́nu wa.

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Kóòṣì kò jẹ ìrẹsì tirẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí ọmọ yẹn ń pariwo, ó yẹ kí n pe Délé kí n bi í lójú ẹsẹ̀. Mi ò pè é, torí mo fẹ́ ká borí. Wọ́n na ọmọ náà, mo dúró, mò ń wò ó." Ó wá yíjú. "Délé, ṣé ó wọlé?"

"Rẹfirí ti fun fèrè, sà."

"Mi ò bi ọ́ nípa rẹfirí."

"Wọ́n ti kà á, sà."

"Ibi tí mo wà jìn, mi ò rí i. Ìwọ lo súnmọ́ ọn jù. Ṣé ó wọlé?"

Bùrọ̀dá Délé ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ pẹ̀lú abọ́ tí mo fẹ́ lọ fọ̀, ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán fún wa nínú ilé ni, ó fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà kò sì lè rìn ín. Kóòṣì kò pariwo. Ó ní, "Ó dáa. Títí o ó fi sọ ọ́ níbí, tí o ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ sọ ọ́ fún Rájí ní Òkukù, o ò ní wọ jẹ́sì wa. Ọjọ́ tí o bá sọ ọ́, ó parí." Gbogbo wọn ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìdíje Ìkìrun ti ń bọ̀, àwọn kan sì ń bọ̀ láti ẹgbẹ́ ńlá kan ní Òṣogbo wá wo ọmọ tí wọn yóò mú. Bùrọ̀dá Délé wọlé lọ bá Bàbá mi, ó ní Kóòṣì ti lé òun. Bàbá mi kò bi í léèrè pé kí ló ṣe. Ó ti mọ̀. Ó kàn ní, "Má dààmú. A ó bá ọ bẹ̀ ẹ́."

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà náà kò ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà lọ́ ìró tó dára jù lọ. Bàbá mi tẹ̀ lé e. Bùrọ̀dá Délé wà lẹ́yìn wọn, bí wọ́n sì ṣe dé ẹnu ọ̀nà Kóòṣì ló dojú bolẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Kóòṣì jáde pẹ̀lú síngílẹ́ẹ̀tì. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún, ó ń fi ọwọ́ di ògiri mú torí làkúrègbé, ṣùgbọ́n orúnkún náà kò tíì kanlẹ̀ tí Kóòṣì fi sọ ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ lu símẹ́ńtì.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, màmá. Ẹ dákun, ẹ má kúnlẹ̀."

"Adéoyè, ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Dárí jì í. Ó ti mọ̀ ọ́n lẹ́bi."

"Ẹ ṣeun, màmá. Kí ló ní òun ṣe?"

Ìyá Àgbà wo Bàbá mi. "Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yẹn náà ni."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, màmá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ gbá a. Délé ló wà nílẹ̀ yẹn. Kó gbórí sókè kó sọ ọ́, màá fún un ní jẹ́sì rẹ̀ kó tó dìde."

Bàbá mi ní, "Ìyá arúgbó ń bẹ̀ ọ́, o ní kí ọmọdé wá sọ̀rọ̀?"

"Bí ẹ bá ní kí n dọ̀bálẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, sà, màá dọ̀bálẹ̀," ni Kóòṣì dáhùn, kò sì gbé àyà kúrò nílẹ̀. "Ẹ̀bẹ̀ tí ẹlẹ́ṣẹ̀ ò sí nínú rẹ̀ ni mi ò lè gbà."

Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, tíṣà àti ọmọ, wọ́n dojú kọ ara wọn, Ìyá Àgbà dúró láàárín. Kóòṣì gbé àgbọ̀n lé símẹ́ńtì, ó pe orúkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Délé." Bùrọ̀dá Délé fi ojú pamọ́ sí apá. Nínú ọkàn mi, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Kóòṣì fún wa ní gbogbo ọ̀wọ̀ tí a lè béèrè lọ́wọ́ ọmọlúàbí, a sì padà sínú pálọ̀ lọ́wọ́ òfo, Ìyá Àgbà kò lè wo ẹnikẹ́ni lójú.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń dùn mí jù. Bàbá mi ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ará Òkukù ni, ti Rájí ló ń dùn ún." Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe di òtítọ́ nílé wa nìyẹn, ẹni tó ti ń bá wa jẹ iyán lọ́jọ́ Ìsinmi di àlejò tó fẹ́ tà wá. Màámi kò gbé oúnjẹ lọ fún un mọ́. Wọ́n ní kí n má pọn omi sí ìkòkò rẹ̀ mọ́, n kò sì pọn ọ́n mọ́. Ó ń fi búkẹ́ẹ̀tì fa omi fúnra rẹ̀ láàárọ̀, á kí wa níkọ̀ọ̀kan, Ìyá Àgbà nìkan ló ń dá a lóhùn dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá mi pè é, ó fi ẹ̀rín sọ fún un pé àbúrò òun kan ń bọ̀ láti Ìlọrin, yóò nílò yàrá iwájú, ìgbìmọ̀ sì rò pé kó lọ fi ẹsẹ̀ sinmi díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Gbogbo wa wà níbẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ pé Bàbá mi kò ní àbúrò kankan ní Ìlọrin. Kóòṣì ní, "Mo dúpẹ́ fún ibùgbé, sà." Ó ká jẹ́sì wọn ní ẹyọ ẹyọ, ó gbé e fún Màámi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì kó lọ sí Ìkìrun. Yàrá náà ṣófo. Ewúrẹ́ ń sùn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni ará Ìlọrin ń bọ̀, Màámi já mi ní èékánná nítan.

Wọ́n mú bùrọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń tún rédíò ṣe, wọ́n ní kó máa kọ́ wọn. Ó fún Bùrọ̀dá Délé ní jẹ́sì rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Kò sí ìjókòó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù tán, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ, àwọn ọmọ náà kì í sì í bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó rù. Mo máa ń rí i tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá òfìfo yẹn, bí ó bá rí mi, á ṣe bí ẹni ń wá nǹkan.

Gbogbo ilé wa ló lọ sí Ìkìrun lọ́jọ́ ìdíje, Ìyá Àgbà pàápàá. Pápá wọn ní àwọ̀n, inú wa sì dùn nígbà tí a rí i lókèèrè. Nígbà tí a súnmọ́ ọn, ó ti ya débi pé ewúrẹ́ kan ń gba inú rẹ̀ wọlé, ó ń gba ibẹ̀ jáde. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni èmi àti Màámi dúró sí. Ìkìrun fi góòlù kan ṣáájú. Ó kù díẹ̀ kó parí ni Bùrọ̀dá Délé gba bọ́ọ̀lù, ó fi ẹsẹ̀ tan ẹnì kan, ó tan èkejì, ó sì gbá a nílẹ̀ nílẹ̀. Mo rí i. Ó gba àárín òpó, ó gba ibi tí àwọ̀n ti ya, ó wọ oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn. Góòlù gidi ni. Kí n tó fò, àwọn ará Ìkìrun ti ń pariwo pé ẹ̀gbẹ́ òpó ló gbà, èrò ti ń ya wọ pápá. Rẹfirí, bàbá kan tí èémí rẹ̀ ti ń já, kò tíì dé ìtòsí. Ó pe Kàsálí tó jẹ́ olórí agbábọ́ọ̀lù tiwa. "Ìwọ, ṣé o rí i?"

Kàsálí kò jìn síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó rí i. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi títí, ó wá wo ilẹ̀. "Òun ló súnmọ́ ọn jù, sà. Ẹ bi í."

"Ṣé ó wọlé?"

"Ó wọlé, sà," ni Bùrọ̀dá Délé wí.

Ẹnì kan láàárín èrò ní, "Bó ṣe wọlé ní Òkukù náà nìyẹn." Ẹ̀rín sì bú. Mo wo àwọn ọmọ tiwa, àwọn tí mo ti ń fọ jẹ́sì fún látọdún, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbójú sókè. Ìgbà yẹn ni Bàbá mi wọ pápá. Ó ti ká agbádá sórí èjìká, ó tẹ̀ síwájú, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ra èkejì. "Ẹ dákun, sà. Ọmọdé ni wọ́n. Ẹ ṣojú àánú, ẹ bá wa gbà á bẹ́ẹ̀." Góòlù tó wọlé lóòótọ́, Bàbá mi bẹ̀bẹ̀ fún un títí ó fi dà bí irọ́. Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá kó sínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bẹ̀ wọ́n mọ́." Bùrọ̀dá Délé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí rẹfirí, ó sì sọ ọ́ sókè débi tí àwa létí pápá fi gbọ́: "Èyí wọlé, sà. Ti Òkukù ni ò wọlé. Mo rí i tó gba ẹ̀gbẹ́ òpó, mo sì ń yọ̀. Rájí ò purọ́. Èmi ló yẹ kí wọ́n nà."

Rẹfirí kò ka góòlù náà, Ìkìrun ló borí, àwọn ará Òṣogbo sì wọ ọkọ̀ wọn lọ láì bi ẹnikẹ́ni lórúkọ. Kóòṣì jáde láàárín èrò, n kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo rò pé yóò gbá a mọ́ra. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó ní, "O ti sọ tìẹ. Ó ku Òkukù." Ó kí Ìyá Àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá mi bó ṣe máa ń ṣe, ó sì lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà a jókòó ti iyán. Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "A ó jọ lọ sí Òkukù lọ́la," ó ní. "Màá bá ọ bá àwọn òbí ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ìwọ ṣáà dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn mi."

"Rárá, sà," ni Bùrọ̀dá Délé fèsì. "Èmi ni n ó lọ."

Ìyá Àgbà la ẹnu, ó tún pa á dé.

Ọkọ̀ àárọ̀ ló wọ̀ lọ, òun nìkan. Bàbá mi ti wẹ̀, ó ti wọ agbádá, ó ti dé fìlà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Oòrùn yọ títí ó fi kan ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é. Mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un. Ó gbà á, kò mu ún.

"Ṣé ó ti lọ?" ó bi mí.

"Ó ti lọ, sà."

Ó mi orí, ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ojú ń tì mí láti wò ó, mo sì wọlé lọ gbálẹ̀.